Ihò Tí Omi Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ẹ má dá wọn lóhùn bí wọ́n bá sọ fún yín pé idà ni ó ṣí ìlú olódi yẹn. Mo wà níbẹ̀. Ẹgbàajì ọkùnrin ni ó gbé idà lọ́wọ́ yí ìlú náà ká fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú ibẹ̀. Àwọn tó gun àkàbà, orí àkàbà ni wọ́n kú sí. Ẹni tó bá ń fi ogun yẹn yangàn lónìí, ẹ bi í léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ tí omi dé.

Agbẹ́kànga ni mí. Òkété ni gbogbo ayé ń pè mí, torí pé inú ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Orúkọ náà kò sì bí mi nínú rí. Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ìyàwó mi. Àwa méjìlá, títí kan ẹ̀gbọ́n mi, ni Balógun kó ní ìlú wa nígbà tó ń kọjá lọ sógun, ó ní kí a máa wá omi fún àwọn ọmọ ogun òun. Kò bi wá bóyá ó wù wá. Ìjì-kì-í-bèèrè-ọ̀nà ni oríkì rẹ̀, akígbe rẹ̀ a sì máa ké e láràárọ̀ lẹ́nu àgọ́, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí a gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ mi wà nínú ìlú náà.

Ní ọdún méjìlélógún ṣáájú ogun yìí, nígbà tí kò tíì sí ìjà láàárín wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pè wá gbẹ́ kànga márààrún tó wà nínú ìlú yẹn. Ọmọ mi obìnrin bá wa lọ, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Bí a bá ti kan omi, òun ni a máa ń kọ́kọ́ bu fún. Á fi omi sẹ́nu, á di ojú, kò ní í tètè gbé e mì. Á wá ní, "Bàbá mi, èyí gba inú àpáta kọjá," tàbí, "Irin wà nínú èyí." Kì í ṣì í. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Atọ́miwò nìyẹn. Ọdún méjì ni a lò níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ọmọ ahunṣọ kan ní ìlú náà wá fẹ́ ẹ. Ilé wọn ni ìkẹta sí kànga ọjà. Ó ti bí ọmọbìnrin kan tí mi ò tíì fi ojú rí.

Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà àlàáfíà. Á ní, "Òkété, kí lò ń ṣe làálàá sí? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ilé Atọ́miwò ni ìwọ yóò ti jẹun ọjọ́ ogbó." Ọ̀rọ̀ náà a máa dùn mọ́ mi, n ò ní jẹ́ kó mọ̀.

Ní oṣù kẹfà, Balógun pe ìgbìmọ̀ sínú àgọ́ rẹ̀. Wọ́n pe èmi náà, kí n wá sọ bí omi ṣe kù sí. Mo sọ òótọ́ fún wọn: odò tí à ń mu ti di adágún omi kéékèèké láàárín òkúta, àwọn ọmọ ogun sì ti ń gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nítorí ìkòkò kan. Oúnjẹ kún inú àká ìlú náà, omi wọn kò gbẹ rí. Òjò yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan, bí ó bá sì rọ̀ bá wa nínú àgọ́ wọ̀nyí, àìsàn ni yóò bá wa jagun.

Ọ̀tún, igbákejì Balógun, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni, kì í jókòó kó fara balẹ̀. Ó ní, "Àkàbà náà ni. Kí gbogbo wa gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó kú kú. Ẹni tó bá wọlé, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, tirẹ̀ ni: àgbà o, ọmọdé o, obìnrin o."

Mo rí ilé kẹta sí kànga ọjà lójú ọkàn mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

"Ẹ jẹ́ kí àwa gba abẹ́ ilẹ̀, Balógun. Ìpìlẹ̀ odi kì í jìn tó kànga. Bí a bá gbẹ́ ihò kọjá lábẹ́ rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọkùnrin lè yọ sínú ìlú kí wọ́n tó jí."

Mi ò sọ èyí tó kù. Èyí tó kù ni pé ẹni tó gbẹ́ ihò ni yóò kọ́kọ́ yọ orí jáde. Mo fẹ́ sáré dé ilé ahunṣọ kí ọmọ ogun kankan tó débẹ̀.

Balógun wò mí pẹ́. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù lára rẹ̀. "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ méjìlá."

"Ta ni yóò dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ?"

Mo ń wá ohun tí n ó sọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. Ẹnu ọ̀nà àgọ́ ló dúró sí, ó bá mi gbé igbá omi wá. Ó ní, "Èmi ni. Ọmọ ìyá mi kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Balógun mi orí sí i. "Ó dáa. Bí ọjọ́ kejìlá bá pé tí ihò kò kọjá odi, orí rẹ ni n ó gbà." Wọ́n fi okùn awọ so ẹ̀gbọ́n mi mọ́ òpó níwájú àgọ́ Balógun lójú mi. Bí mo ṣe fi ẹnu mi ta ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ẹnu gọ́tà ńlá kan tí àgbàrá ti gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkè tí ìlú náà wà ni a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn tó wà lórí odi kò ti lè rí wa. Ihò náà kò ga ju kí ènìyàn kúnlẹ̀ lọ. Ẹnìkan á máa fi ọkọ́ kékeré gbẹ́, ẹnìkan á máa kó erùpẹ̀ sínú agbọ̀n, àwọn ìyókù á máa fà á jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan bá wa ṣiṣẹ́, òun ló ń fi igi ti òrùlé ihò kó má bàa wó lé wa. Ọkùnrin tí kì í yé ráhùn ni. Ìgbàkígbà tó bá gbé òpó wọlé, á ní igi náà kò dára, fìtílà kò mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ń ro òun, ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Okùn gígùn kan wà tí a na láti ẹnu ihò wọlé, òun la fi ń mọ̀ bóyá ihò ṣì tọ́.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ àṣìṣe mi, kò sí ẹni tó lè ṣe é bí kò ṣe agbẹ́kànga. Bí ọwọ́ bá ti gbẹ́ kànga fún ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ náà á ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù ló ń yà sí. Kànga ni ìyẹn dára fún. Ihò abẹ́ odi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ilẹ̀ gbígbẹ ni ó yẹ kó máa tọ̀. Mo mọ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án a kan ilẹ̀ líle tó ń ṣẹ́ ọkọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ọjọ́ sì ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí ìdè. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ibi tó rọ̀ lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi yà síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ mi.

"Òkété, ihò yìí ti wọ́," Gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo lẹ́yìn mi. "Wo okùn."

"Iṣẹ́ ń yá. Ṣé o kò fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni?"

"Gbogbo ohun tó ń yá kọ́ ló ń lọ síbi tó dáa. Ilẹ̀ tó rọ̀ báyìí kì í gbé òpó ró."

"Máa ti igi rẹ, jàre. Èmi ni mo mọ ilẹ̀."

Ẹ rí ìgbéraga! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tọ ilẹ̀ rírọ̀ yẹn lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ sínú amọ̀ funfun kan, mo gbọ́ ìró bí ìgbà tí ènìyàn fa aṣọ ya. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí omi fi lù mí láyà. Fìtílà kú. Gbẹ́nàgbẹ́nà di bàǹtẹ́ mi mú, ó ń wọ́ mi sẹ́yìn, ó ń bú mi, ó ń bú bàbá mi, ó ń bú ẹni tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́. Ká ní kò sí níbẹ̀, òkú ni ǹ bá jẹ́. Nígbà tí a jókòó sí ẹnu gọ́tà, omi ti kún ihò náà dé ibi tí òrùlé rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, àwọn òpó rẹ̀ sì ń léfòó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó parí," Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. Kò ráhùn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó parí lóòótọ́.

Balógun fúnra rẹ̀ gun ẹṣin wá. Ó wo ihò, ó wo àwa tí amọ̀ bò. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀la lọ́jọ́ pé. Bí oòrùn bá kan àtàrí, n ó gba ohun tí wọ́n fi dúró." Ọ̀tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń pàṣẹ kí wọ́n máa gé igi àkàbà. Wọ́n lọ. Mo bú sẹ́kún, mi ò tijú. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi, mo jókòó nínú ẹrẹ̀, mo ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Níbi tí mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, omi ihò yẹn wọ ẹnu mi. Mo dákẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú, mo tún tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó ṣe, ó dùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn bá lá ẹfun. Mi ò ní ahọ́n ọmọ mi, ṣùgbọ́n èyí, bí mo bá ń kú lọ, n ó mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ni mo fi mu ún. Omi kànga ìlú náà ni.

Kànga márààrún yẹn, inú iṣan omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́n ti ń mu. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwa la gbẹ́ wọn. Mo ti fi ọkọ́ bẹ́ iṣan náà láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, èmi àti Gbẹ́nàgbẹ́nà gun òkè kejì tí aṣọ́nà wa máa ń dúró sí, níbi tí wọ́n ti ń rí inú ìlú díẹ̀. Mo bi aṣọ́nà náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kànga ọjà.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Àwọn obìnrin tò sídìí kànga ju ti ìjọ́sí lọ. Láti àná ni wọ́n ti ń so okùn mọ́ okùn."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wò mí. Òpè kọ́ ni. Ìgbà tí omi bá ń sá lọ sísàlẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń so okùn mọ́ okùn. "Òkété," ó rọra wí, "kì í ṣe ihò lo gbẹ́. O ti jí kànga wọn gbé."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ.

Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nídìí òpó, okùn ti bó o lára ní ìbàdí. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ pé o kan omi. Ẹ wá wo agbẹ́kànga tí wọ́n ní kó má kan omi! Ta ló rán wọn sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lónìí." Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá dákẹ́, ẹ ó kú lọ́sàn-án yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò fi òùngbẹ pa Atọ́miwò àti ọmọ rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

Ó fa okùn ìbàdí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bí o bá dákẹ́, èmi yóò lọ, Ọ̀tún yóò sì gbé àkàbà. Bí àkàbà bá wọlé, ṣé wọn yóò béèrè ọmọ ta ni Atọ́miwò?"

"Rárá."

"Nígbà náà, ìdákẹ́ rẹ kò gba ẹnikẹ́ni là. Àbúrò, láti àná lo ti ń wo omi yẹn bí ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́. Tún un wò bí ẹni tó ni ín. Odò Balógun ti gbẹ. Kànga àwọn ọ̀hún ti ń gbẹ. Ta ni omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àyíká yìí lónìí? Ẹni tó ni omi kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ ni."

"Òùngbẹ náà ńkọ́? Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi òùngbẹ jẹ."

"Mo mọ̀," ó ní. Kò wo ojú mi. "Wá èyí tó kéré nínú ibi méjèèjì, kí o sì gbà pé ibi ni. Má pè é ní oore láé."

Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí nígbà tí mo wọ inú ìgbìmọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì dúró kí wọ́n ní kí n dìde. "Balógun, ihò náà kò bàjẹ́. Ó ti ṣẹ́gun láti àná, àwa ni a kò mọ̀." Mo sọ fún wọn nípa iṣan omi, mo ní kí wọ́n bi aṣọ́nà nípa okùn. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí a gbẹ́ síwájú mọ́. Ẹ jẹ́ kí a yí padà, kí a gbẹ́ ẹnu gọ́tà jìn sí i, kí omi máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ó mu, ẹṣin yín ó mu. Láàárín ọjọ́ méje, kò ní sí ẹ̀kán omi nínú kànga wọn. Ṣùgbọ́n àwa agbẹ́kànga nìkan la mọ bí a ṣe ń ṣí i àti bí a ṣe ń dí i. A kò ní í fọwọ́ kan ọkọ́, bí ẹ bá fẹ́ ẹ pa wá, àfi bí Balógun bá búra."

Ọ̀tún fò dìde. "Ẹrú erùpẹ̀ yìí ń dá májẹ̀mú fún wa!"

"Jókòó," Balógun wí. Ó yíjú sí mi. "Ìbúra kí ni?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ibodè jáde pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, kí ó mu omi, kí ó padà sílé rẹ̀. Kó má di ẹrú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Kí la wá ń jagun fún?" Ọ̀tún kígbe. "Kí la ó kó lọ sílé?"

"Ẹ óò kó ara yín lọ sílé," mo ní. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà yẹn. "Òjò ń bọ̀."

Balógun fi ohùn rẹ̀ rírọ̀ yẹn bi mí. "Kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn?"

"Ọmọ mi wà níbẹ̀."

Balógun ní, "O ní ọmọ nínú ìlú yẹn, o sì ń gbẹ́ ihò fún mi?"

"Torí rẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́ ẹ."

Ó dìde, ó jáde síwájú àwọn ọmọ ogun, ó fa idà yọ. "Mo fi idà bàbá mi yìí búra. Ẹni tó bá jáde pẹ̀lú ìkòkò, yóò mu, yóò sì padà sílé. Bí mo bá yẹ̀ é, kí irin tí mo ń fi jẹun yíjú padà, kó jẹ mí." Akígbe sì ké oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Balógun ní ìgbà tí ibodè bá ṣí ni okùn yóò tú.

A gbẹ́ ẹnu gọ́tà náà ní ọjọ́ kan àbọ̀. Omi funfun ń ṣàn jáde láti inú ihò bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Àwọn ọmọ ogun ń mu, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń dà á síra wọn lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Omi. Mi ò lè wẹ̀. Akígbe ń lọ yí odi ká lójoojúmọ́, ó ń ké ìbúra Balógun sókè fún àwọn ará inú. Òkúta ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ta ni yóò gba ọ̀tá gbọ́? Ní ọjọ́ kẹta tí omi ti ń ṣàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹkún àwọn ọmọdé láti orí odi. Ní ọjọ́ karùn-ún a kò gbọ́ ọ mọ́, ìyẹn sì burú ju ẹkún lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé oúnjẹ wá fún mi, ó gbé e padà.

Ní ọjọ́ karùn-ún yẹn náà, nǹkan bí ogójì ọkùnrin já jáde láti ẹnu ọ̀nà kékeré kan. Wọ́n mú idà lọ́wọ́ kan, wọ́n sì so ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn. Ihò wa ni wọ́n dorí kọ. Ìjà náà kò pẹ́ tó àsìkò tí ènìyàn fi ń jẹun. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi òòlù lu ọkùnrin kan, ọkùnrin náà ṣubú, ìkòkò rẹ̀ fọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, mo bá Gbẹ́nàgbẹ́nà tó jókòó tì í, tó di òòlù mú.

"Òkété," ó ní, "omi ni ọkùnrin yìí wá pọn."

Mo yí ojú àwọn òkú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ìka wọn, torí òwú a máa fi àpá sí ìka ahunṣọ. Mi ò rí àna mi níbẹ̀. Mo dúpẹ́, ojú sì tì mí pé mo dúpẹ́ lórí òkú ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, ibodè ṣí. Kò ṣí tán, ó kàn là díẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni ó kọ́kọ́ jáde, ìkòkò lọ́wọ́, ó ń rìn bí ẹni tó gbà pé ikú lòun ń lọ bá. Ó dé ibi omi, ó mu, ó pọn, ó yí padà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà náà ni wọ́n tú jáde. Ètè wọn ti là. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń kọjá lọ, Ọ̀tún bá gbá a lápá mú. Balógun wà lórí ẹṣin. Kò gbé ohùn sókè. "Ọ̀tún, apá rẹ àbí ìbúra mi? Sọ èyí tó o fẹ́ kí n gé." Ọ̀tún jọ̀wọ́ rẹ̀. N ò fẹ́ràn Balógun, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn.

Wọ́n tú ẹ̀gbọ́n mi. Ó rọra ń tiro bọ̀, ó gba igbá kan lọ́wọ́ mi, àwa méjèèjì sì ń bu omi fún àwọn tó ń bọ̀. Mo ń bu, mo ń wo ojú. Mo ń bu, mo ń wo ojú.

Atọ́miwò wà láàárín àwọn tó kẹ́yìn. Ó ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wà láàyè, ó ń fa etí aṣọ ìyá rẹ̀ jẹ. Ìkòkò méjì ló gbé. Ọmọ mi wò mí, kò kọ́kọ́ mọ̀ mí, torí amọ̀. Nígbà tó mọ̀ mí, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi! Ẹ̀yin nìyí? Ṣé wọ́n kó yín lẹ́rú ni?"

"Dìde, ọmọ mi. Dìde. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, kò lè yára. Ìyá rẹ̀ ni kò sí mọ́." Ó gbé omi ẹnu tí kò sí mì. "Ó ń fi ìpín tirẹ̀ fún ọmọ yìí, a kò mọ̀. Lánàá ló kú. Tirẹ̀ ni ìkòkò kejì yìí, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e dání."

Mo bu omi kún igbá. Mo gbé e fún un. Ó gbé e sẹ́nu, mo rí i tó dúró. Òùngbẹ tí ń bẹ lọ́fun rẹ̀ kò tó láti mú un gbàgbé: ó fi omi sẹ́nu, ó di ojú, kò gbé e mì. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là, kí n wọlé. Nígbà tó la ojú, ojú rẹ̀ kọjá lára mi lọ sí ẹnu gọ́tà, ó wo ihò, ó wo omi funfun tó ń ṣàn, ó wá wo amọ̀ tó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ó gbé e mì.

"Bàbá mi," ó ní, "omi kànga wa ni èyí."

Ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ bíbu dúró. Mo la ẹnu. Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí n ó sọ tẹ́lẹ̀: àkàbà, Ọ̀tún, ìbúra, bí ì bá ṣe burú tó. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ọ̀kan kò jáde.

Atọ́miwò yí ọmọ rẹ̀ síwájú, ó fi igbá náà sí i lẹ́nu. Ọmọ náà mu títí omi fi ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. "Mu ún," ó ń sọ fún un. "Mu ún, tiwa ni." Ó kún ìkòkò rẹ̀. Ó kún ti ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló gba igbá lọ́wọ́ mi, ó bu omi tó kún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi bí mo ṣe kọ́ ọ ní kékeré pé kó máa gbé nǹkan fún àgbà.

"Ẹ mu, Bàbá mi," ó ní. "Ètè yín ti gbẹ."

Mo mu ún. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi títí mo fi mu ún tán.